Ìwọ Ni Alárenà Ara Rẹ: Ìmọ̀ràn Àgbà fún Ọ̀dọ́ Agbára

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Agbára, ní Lùsádà, ní Ìgbẹsà, ní Àtàn, títí dé Sángó Ọ̀tà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Láyé àwọn ìyá wa, ọmọkùnrin kì í dá ọmọbìnrin dúró lójú ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì parí síbẹ̀. Alárenà ló ń lọ, òun náà ló ń bọ̀. Bí ó ti ń jíṣẹ́ ni ìdílé méjèèjì ń wádìí ara wọn lábẹ́lẹ̀: ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí nínú ẹbí yìí, ṣé wárápá ò sí, ṣé wèrè kì í yọ wọ́n lẹ́nu, ṣé wọn kì í ṣe onígbèsè, ṣé àwọn ọkùnrin ilé wọn kì í na ìyàwó? Ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá sì kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, ìyá àgbà kan wà tí yóò pè é wọ yàrá. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Wọ́n fi ọmọ fún ọkọ tí ọmọ kò fẹ́, wọ́n sì dójú ti àwọn mìíràn lórí aṣọ funfun; mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ta ló ń bá yín béèrè ní Agbára? Láti ìgbà tí Olóyè Adéyẹmí Lawson ti dá ẹ̀sìtéètì ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbí ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́ wá, láti Ṣakí, láti Ìwó, láti Benue, àní láti òkè ààlà ní Kútọnu. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún á gba yàrá kan, á máa ṣe ṣíìfù òru, ìyá rẹ̀ á wà ní ìlú tó jìnnà réré. Kò sí ẹ̀gbọ́n ìyá ní ìtòsí, kò sí ìyá àgbà ní ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ alárenà ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò wádìí, ìwọ ni yóò béèrè, ìwọ ni yóò sọ pé ó tó tàbí kò tó.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní agbègbè yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ náà ló jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Bí ojú bá tì ọ́ níbi kan, máa kà á lọ.

1. Mọ bí ara rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìwọ obìnrin, máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ títí di ọjọ́ tí òmíràn yóò tún yọ ni a máa ń kà. Fún obìnrin tó ti dàgbà, ọjọ́ 21 sí 35 ló wà déédéé. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè tó ọjọ́ 45, kí ó má sì sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Ẹyin náà kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5. Nítorí náà, ìbálòpọ̀ ọjọ́ Ajé lè di oyún ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọjọ́ tí kò léwu lórí ìka, ẹ gbọ́ o: iṣẹ́ òru àti àìsùn lè ti nǹkan oṣù síwájú, ó sì lè fà á sẹ́yìn. Ẹni tí ṣíìfù rẹ̀ ń yí padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò lè gbára lé kíkà yẹn.

Bí owó pààdì bá wọ́n ọ, aṣọ kò ní àbùkù, bí o bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ tí o sì sá a sínú oòrùn títí ó fi gbẹ. Èyí tí a fi ìtìjú kó pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní tútù ló ń kó àrùn báni. Bí inú rírun bá ń dá ọ dùbúlẹ̀ lóṣooṣù tí o kò lè lọ síbi iṣẹ́, má gbà pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn. Lọ rí dókítà.

Ìwọ ọkùnrin, bí àtọ̀ bá dà sí ọ lára lójú oorun, ara tó ń dàgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó òru ló wá bá ọ. Má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá ọ lé e.

2. Má dúró de ilé ìwé, má sì jẹ́ kí fóònù ṣe olùkọ́ rẹ.

Ní ọdún 2001, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ ara àti ìbálòpọ̀. Àwọn bíi Action Health Incorporated, tí Nike Esiet àti ọkọ rẹ̀ Uwem Esiet dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1989, ti ja ìjà náà pẹ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kan fárígá, wọ́n yí orúkọ ẹ̀kọ́ náà padà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìdílé àti HIV ṣíwájú kí ó lè wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó ní ilé àti ilé ìjọsìn ló ni iṣẹ́ yẹn.

Èmi ò bá a jiyàn pé ilé ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí ni ilé ń sọ? Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá sọ fún ọmọbìnrin wọn kò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: "Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, wàá lóyún." Ọmọ náà dé ọdún kẹrìnlá, ọmọkùnrin kan dì í lọ́wọ́ mú, oyún ò dé. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé irọ́ ni gbogbo ohun tí ìyá òun sọ, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn ìrọbí, tó ń wò mí bíi pé kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún òun.

Ẹni tí wọn ò sọ fún nílé yóò lọ wò ó nínú fóònù. Àwọn tó ń ṣe bùlúù fíìmù, owó ni wọ́n gbà. Wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀ bóyá ó wù ọ́ tàbí kò wù ọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ oyún, ẹnikẹ́ni kì í sunkún. Ọkùnrin tó bá ti ibẹ̀ kọ́ ìfẹ́ yóò ṣe ìyàwó rẹ̀ léṣe, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe é. Béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Iṣẹ́ wọn ni, kò sí ìbéèrè tí wọn ò tíì gbọ́ rí.

3. Wádìí ẹ̀jẹ̀ kí ìfẹ́ tó wọra.

Ìwádìí tí àwọn ìyá wa ń ṣe nípa wárápá àti ẹ̀tẹ̀, àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ló rọ́pò rẹ̀ báyìí. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ AS. Kò sí ohun tó ń ṣe AS. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí AS bá pàdé AS ni wàhálà bẹ̀rẹ̀: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn foníkúfọláàrùn. Mo tẹnu mọ́ "oyún kọ̀ọ̀kan" nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí pé, "A ti bí ọ̀kan tó jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù á bọ́." Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣírò bẹ́ẹ̀. Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ilé tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú, tí wọ́n kọ ní ilà, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé, foníkúfọláàrùn ló pa wọ́n.

Ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí láàbù máa ń ṣì í. Ṣe é nísinsìnyí tí o kò tíì rí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dúró títí wọ́n fi ra aṣọ ẹbí tán kí wọ́n tó lọ, agbára káká ni wọ́n fi ń padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kì í sì í padà.

4. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò HIV.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ń sọ pé àròsọ òyìnbó ni éèdì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn lọ́jọ́ kejì, ó sì sọ pé éèdì ló pa àbúrò òun. Ìdílé ńlá ni, wọ́n lè ní ibà ni. Títí di òní mo ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sí ọ̀kan lára oore tó tóbi jù tí ẹnìkan ṣe fún ìlera wa, torí láti ìgbà náà ni àwọn aláìsàn tiwa gan-an ti ń yọ ọ̀rọ̀ sọ ní kílíníkì.

Nǹkan ti yàtọ̀ sí ti 1997. Láti 2006 ni oògùn HIV ti di ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba. Ẹni tó bá ń lo oògùn déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò ní í kó o ran ẹni tó bá bá a lòpọ̀. Ìyá tó ní in lè bí ọmọ tí kò ní in. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ tún mọ èyí, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́: òfin ọdún 2014 kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ sọ àyẹ̀wò HIV di ohun tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó rí iṣẹ́.

Bí o bá ní kí ìwọ àti olólùfẹ́ rẹ jọ lọ, tí òun wá ní, "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?", dá a lóhùn pé ara tìrẹ náà ni o fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì kọ̀ délẹ̀ ti fún ọ lésì.

5. Ẹni tí kò gbà, fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin ni mo ń bá wí. Irọ́ kan wà tí a fi tọ́ yín dàgbà, pé obìnrin kì í tètè gbà, pé bó bá ń kọ̀, ojú ayé ló ń ṣe. Irọ́ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa di ọ̀daràn. Obìnrin tó kọ̀, ó kọ̀ nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ nítorí ẹ̀rù kò gbà. Ẹni tí ọtí ń pa kò lè gbà. Ẹni tó gbà lánàá lè kọ̀ lónìí, kódà ẹni tó ti bọ́ aṣọ lè ní òun ò ṣe mọ́, kí o sì dìde. Owó dátà tí o fi ránṣẹ́, owó ọ̀kadà, ṣáwámà, kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó ra ara ẹnikẹ́ni. Owó orí gan-an, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá máa ń dá a padà níbi ìgbéyàwó, wọ́n á ní àwọn kì í ta ọmọ. Ṣé ṣáwámà wá ju owó orí lọ ni?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní ohùn tí òfin kà sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, ka bíbá ọmọ bẹ́ẹ̀ lòpọ̀ sí ìfipábánilòpọ̀. Òfin àpapọ̀ náà ní ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ó tún sọ ọ́ gbangba pé kò sí àwíjàre nínú "ó gbà fún mi", kò sì sí nínú "mo rò pé ó ti ju 18 lọ". Ọmọdébìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá lójú títì Àgbádárìgì, tí àyà rẹ̀ ti yọ, ọmọdé ni.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ aṣọ funfun. Láyé àtijọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní ìyàwó, wọ́n á máa wá ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀ láàárọ̀. Bí wọ́n bá rí i, ẹ̀kún agbè ẹmu á lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, àbọ̀ agbè. Awọ ojú ara tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí kò rí bákan náà lára obìnrin méjì. Ti ẹlòmíràn rọ̀, kì í ya rárá. Ti ẹlòmíràn fẹ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ ọkùnrin rí ni wọ́n fi àbọ̀ agbè dójú tì, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ́ aṣọ kankan fún ọkọ. Bí o bá pinnu pé ó di ilé ọkọ tàbí ó di ọjọ́ tí o bá gbé ìyàwó, ìpinnu tó dára ni, mo bá ọ yọ̀ sí i. Kí àwọn ọkùnrin mọ̀ pé ìpinnu yẹn wà fún àwọn náà.

6. Má fi ara rẹ san owó iṣẹ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ ojúmọ́ á tò láti ìdájí, ẹnìkan á jáde wá, á máa nàka. Àwọn ọmọbìnrin ti jókòó níwájú mi ní kílíníkì, wọ́n ní sùpáfáísọ̀ ló sọ pé bí àwọn ò bá wá sí ilé òun, orúkọ àwọn ò ní sí nínú ìwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà ti sọ irú rẹ̀ fún mi, ohùn wọn sì máa ń lọ sílẹ̀ ju ti obìnrin lọ.

Ìwà ọ̀daràn ni. Má pa ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp rẹ́. Kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tó ti sọ ọ́ sílẹ̀. Sọ fún ẹnìkan tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bí ó bá wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, National Industrial Court ní Èkó dá obìnrin kan láre tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi ọwọ́ pa lára tó sì lé e kúrò níṣẹ́ nígbà tó kọ̀. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un lé ní mílíọ̀nù 13 náírà. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò ní owó lọ́yà. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n sì máa ń gba ẹjọ́ obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́. Wá wọn lọ.

7. Bí ẹ bá ń gbé pọ̀ nítorí owó ilé, ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kó ẹrù.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣe é. N kò ní fi bú yín, mo mọ iye tí wọ́n ń gba yàrá kan báyìí. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, ìwọ ọmọbìnrin: ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè sùn sí, agbára káká ló fi lè sọ pé òun kò fẹ́. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan wà tí o lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Jẹ́ kí owó díẹ̀ wà tí ó jẹ́ tìrẹ nìkan. Ọkùnrin tó ń gba káàdì ATM rẹ pamọ́, tó ń yẹ fóònù rẹ wò, tó ní kí o má lọ kí ẹbí rẹ mọ́, má dúró de ìgbátí àkọ́kọ́ kí o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti rán ọgbẹ́ àwọn tó dúró.

Nípa oyún: omi iyọ̀ kì í dènà rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti káun kì í dènà rẹ̀. Àmpíkílọ́ọ̀sì kì í dènà rẹ̀, fífò sókè kì í dènà rẹ̀, fífọ ojú ara kì í dènà rẹ̀. Kí o tó dìde, àtọ̀ ti wọlé. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù nìkan ló ń dènà oyún àti àrùn pọ̀. Wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán lára pálí, má kó o sínú pọ́ọ̀sì tí o ń jókòó lé, má wọ méjì lórí ara wọn, má sì fi òróró tàbí Vaseline pa á, yóò bẹ́. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta wà. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá wà, ó lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Wọn kì í sọni di àgàn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó lè gba oṣù díẹ̀ kí ara tó padà sípò. Bí kọ́ńdọ̀ọ̀mù bá bẹ́, lo Postinor kí wákàtí 72 tó pé; bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun èlò ìfètò sọ́mọ bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣà òyìnbó ni. Àwọn ìyá ìyá yín fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, wọn kì í sún mọ́ ọkọ ní gbogbo àkókò náà. Kí ni wọ́n ń ṣe bí kò ṣe ètò?

Bí oyún bá ti wà, má gba kọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun máa bá ọ fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ibà, omi tó ń rùn: bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lára ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, ohun yòówù kó ti ṣe. Ìwọ ọkùnrin tó fún un lóyún, ìwọ náà bá wọn lọ.

8. Àrùn tí kò sọ̀rọ̀ ló ń ba ilé ọmọ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń bẹ̀rù mágùn ju àtọ̀sí lọ. Àtọ̀sí ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Lára ọkùnrin, yóò máa ta á bó bá ń tọ̀, ọyún á máa jáde. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kò ní í sọ ohunkóhun. Yóò máa gùn ún lọ sókè títí yóò fi dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀dà ló ń ṣe é, àwọn ayé ló dè é. Àgbo inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ọjà Lùsádà kì í pa á, tábúlẹ́ẹ̀tì méjì láti kẹ́míìsì kì í pa á. Ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí tọkùnrin tobìnrin lo oògùn pọ̀ lásìkò kan náà, kí ẹ lò ó tán. Bí ọ̀kan bá dá lò ó, èkejì á tún kó o padà fún un.

Nínú tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ara ọkùnrin lọ́wọ́ sí i. Àtọ̀ ọkùnrin ló sì ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo. Ìyá tó bí ọmọbìnrin márùn-ún kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

9. Wákàtí 72.

Bí ẹnìkan bá fipá bá ọ lòpọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, ibi yòówù kí o wà, aṣọ yòówù kí o wọ̀. Yóò wù ọ́ láti wẹ̀. Jọ̀wọ́, má tíì wẹ̀. Kó aṣọ tí o wọ̀ sínú bébà, má kó o sínú ọ̀rá. Tètè dé ọsibítù, kí wákàtí 72 tó kọjá. Oògùn kan wà tí wọn yóò fún ọ lò fún ọjọ́ 28 tí kò ní jẹ́ kí HIV ráyè wọlé, oògùn tó ń dènà oyún sì wà pẹ̀lú. Mirabel Centre wà nínú ọgbà ọsibítù LASUTH ní Ìkejà láti 2013. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n sì ń gba àwọn ọkùnrin pẹ̀lú.

Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ fún, má béèrè ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn àgbà àdúgbò bá ní kí wọ́n fi owó parí ọ̀rọ̀ nílé, èmi tí mo jẹ́ àgbà náà ń sọ fún ọ pé kí o má gbà.

10. Ránṣẹ́ sílé nítorí àwọn àbúrò rẹ.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ìpínlẹ̀ Ògùn, Èkó àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò yìí ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ìbálòpọ̀ la sì fi ń kó o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọ kí ó tó mọ ọkùnrin. Ẹyọ abẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀fẹ́ ni. Àhesọ tó gba ìlú pé ó ń sọ ọmọ di àgàn kò ní òótọ́ nínú rárá; mo ti rí ohun tí jẹjẹrẹ yẹn ń ṣe fún obìnrin, mo sì ti fún ọmọ-ọmọ tèmi ní abẹ́rẹ́ náà. Pe ilé, béèrè bóyá àbúrò rẹ ti gbà á. Bí ìyá rẹ bá sì ti lé ní ọdún 30, ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ní ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí rẹ̀. Kì í pẹ́. Fún un ní owó ọkọ̀, kí o sì bi í léèrè lọ́jọ́ kejì bóyá ó lọ.